Àlọ àti Àbọ̀ Kì Í Ṣe Òdo

Oǹdó,
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Akíntúndé ọmọ mi,

Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni mí, mi ò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Pásítọ̀ ti wá, mo fún un lómi mu, mo ní kó máa lọ. Kàdíjátù aládùúgbò mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn, wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi láàárọ̀, ó ní, "Màmá, ẹ fi sùúrù ṣe é." Mo ní kó lọ fi sùúrù ta àlùbọ́sà rẹ̀. Nítorí náà, bí ìwọ náà bá ní ìmọ̀ràn lẹ́nu, gbé e mì. Ohun tí mo ṣe ni mo fẹ́ sọ fún ọ kí ẹlòmíràn tó bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù Leeds ò pa ọ́? Ṣé ò ń jẹun? Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ọmọ rẹ kò fi etí òsì gbọ́ràn mọ́.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́rú tó kọjá, ní ilé ìwé tó wà ní Àkúrẹ́, tíṣà físíìsì wọn kọ ìbéèrè kan sójú pátákó. Ó ní ìyá kan wọ mọ́tò láti Oǹdó lọ sí Àkúrẹ́, kìlómítà méjìdínláàádọ́ta, ó gba wákàtí kan. Ó tún wọ mọ́tò padà sí Oǹdó, ó gba wákàtí kan. Tí a bá pín in dọ́gba-dọ́gba, kí ni fẹlọ́sítì rẹ̀? Ọmọ rẹ dìde, ó ní méjìdínláàádọ́ta. Tíṣà ní òdo ni. Ọmọ ní, òdo kẹ̀? Ó ní, "Sà, ọdún márùndínlógójì ni ìyá mi àgbà fi gbé epo láti Oǹdó wá tà ní Àkúrẹ́ níbí. Tí wọ́n bá délé lálẹ́, ẹsẹ̀ wọn á wú. Ẹsẹ̀ tó wú kì í ṣe òdo, sà." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà rìn wá bá a níbi tó dúró sí, ó gbá a létí. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Orí ọmọ náà lọ lu tébù, ẹ̀jẹ̀ jáde nínú ihò etí rẹ̀, ó ṣàn wọ kọ́là.

Wọn ò sọ fún mi. Ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan jí fóònù pè mí láti họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Mo gbé ọmọ odó. Kì í ṣe ti ata o. Èyí tí bàbá rẹ gbẹ́ fún mi nígbà tí mo bí ọ, tó ga dé àyà mi. Mo gbé e wọ mọ́tò, mo sì san owó ìjókòó kan fún un. Dírẹ́bà ní, "Màmá, ṣé iyán lẹ fẹ́ lọ gún ní Àkúrẹ́ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, iyán èjìká. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín in.

Mo bá tíṣà náà lábẹ́ máńgòrò níwájú ọ́fíìsì wọn, òun àti àwọn tíṣà méjì, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ki ọwọ́ òsì bọ àpò. Mo ní, "Ṣé ìwọ ni tíṣà òdo?" Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà. Ta lẹ̀ ń wá?" Mo ní, "Èmi ni ìyá tó wọ mọ́tò láti Oǹdó." Kò tíì pa ẹnu dé tí mo fi sọ ọmọ odó kalẹ̀ lé e léjìká. Mo gbọ́ bó ṣe dún. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn bá ń ṣẹ́ igi ìdáná tó gbẹ. Ó kígbe, ó sáré, mo tẹ̀lé e. Ẹ̀ẹ̀kejì bà á lẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀kẹta, igi máńgòrò ló bà. Àwọn méjì yòókù dì mí mú, mo gé ọ̀kan jẹ lápá. Gbogbo eyín tó kù lẹ́nu mi ló wọlé.

Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀.

Ọmọ rẹ wà lọ́dọ̀ mi. Dókítà ní awọ inú etí yẹn ti ya. Ọ̀gá ilé ìwé wọn ní kò gbọdọ̀ padà sí kíláàsì àyàfi tí ìdílé méjèèjì bá parí ìjà. Oṣù Karùn-ún sì ni wọn máa ṣe ìdánwò wáẹ́ẹ̀kì. Tíṣà ti gbé ẹjọ́ mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Mo fẹ́ kí o wálé. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti kú ò lè máa dá dúró nídìí ẹjọ́ nígbà tí bàbá rẹ̀ ṣì wà láyé.

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ló máa ya fọ́tò lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ. Má pè mí. Tí o bá pè, o máa já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Kọ ọ́ sínú ìwé, kí n lè ya á bí kò bá dùn mọ́ mi.

Èmi ìyá rẹ,
Ìbídùnní.


Leeds,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Màámi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ kú wàhálà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú àìsùn. Mo sunkún nígbà tí mo kà nípa etí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀. Mo máa fi nǹkan ránṣẹ́ kí wọ́n lè gbé e lọ rí dókítà etí tó dáńgájíá.

Ṣùgbọ́n Màámi, ẹ̀rù yín bà mí. Ẹ gbé ọmọ odó wọ mọ́tò! Ká ní orí lẹ bà ńkọ́? Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni mi ò bá ti máa kọ lẹ́tà sí báyìí.

Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ìgbájú yẹn kò dáa, ṣùgbọ́n òótọ́ ni ìdáhùn tíṣà náà. Òdo ni. Eré sísá lásán, tí wọ́n ń pè ní sípíìdì, máa ń ka gbogbo ọ̀nà tí mọ́tò gbà, àlọ àti àbọ̀, ìyẹn ló ṣe jẹ́ méjìdínláàádọ́ta. Fẹlọ́sítì ò bá ọ̀nà ṣe. Ibi tí èèyàn ti gbéra àti ibi tó dúró sí ni tirẹ̀, àti apá ibi tó kọjú sí. Ẹ gbéra nílé, ẹ padà wá dúró nílé. Láti ilé dé ilé, kò sí àlàfo kankan. Òdo tí a pín sí wákàtí méjì, òdo náà ni. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe kọ́ àwọn ọmọ nígbà tí mo ń ṣe tíṣà ní Oǹdó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ kí ọmọ lè padà sí kíláàsì. Ní ti wíwálé mi, ibi iṣẹ́ ò ní gbà báyìí. Lọ́dún tó ń bọ̀, tí Ọlọ́run bá fẹ́.

Ọmọ yín,
Akíntúndé.


Oǹdó,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kejì.

Akíntúndé,

Mo ka lẹ́tà rẹ lójú fóònù. Mo fẹ́ ya á, Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ yára gba fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Òdo. Ìwọ tí mo fi epo yẹn rán nílé ìwé dé yunifásítì, ìwọ lò ń kọ òdo sí mi. Ṣé o rántí Motúnráyọ̀, ọ̀rẹ́ mi tó máa ń fún ọ ní gúgúrú? Àwọn adigunjalè dá wa dúró lójú ọ̀nà, àwa méjèèjì wà lórí ìjókòó kan náà. Wọ́n ní kó bọ́ yẹtí, ó ní yẹtí ìyá òun ni. Wọ́n yìnbọn lù ú lọ́rùn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dà sórí àwọn kẹ́ẹ̀gì epo mi, mi ò mọ èyí tí í ṣe epo mọ́. Èmi ni mo gbé orí rẹ̀ lé itan títí a fi padà dé Oǹdó. Motúnráyọ̀ gbéra nílé láàárọ̀, wọ́n padà wá tẹ́ ẹ sílé nírọ̀lẹ́. Ó yá, kọ tirẹ̀ náà sójú pátákó. Pín in sí wákàtí méjì.

Ìjà àkọ́kọ́ ò tíì parí, òmíràn tún dé ilé mi. Lánàá, àwọn ẹ̀gbọ́n tíṣà náà wá láti Ìgbàrà-Òkè, àwọn mẹ́ta, kóńdó lọ́wọ́. Wọ́n fọ́ gíláàsì fèrèsé pálọ̀. Wọ́n ń pariwo, "Ìyá arúgbó, bọ́ síta! Wá gún wa níyán!" Omi ẹ̀bà ń hó lọ́wọ́ lórí iná. Mo gbé ìkòkò náà, mo dà á gba ojú fèrèsé tí wọ́n fúnra wọn ṣí fún mi. Èyí tó wà níwájú gbà á láti àyà dé itan. O ò bá rí bó ṣe ń jó! Àwọn méjì yòókù gbé e sá. Kàdíjátù ń ké lójúde, "Yéè, Màmá! Ẹ ti pààyàn!" Mo ní kò tíì kú, ó ṣì ń bú mi.

Lẹ́yìn tí mo gbá gíláàsì tán, mo lọ bá ọmọ rẹ nínú yàrá. Ni mo bá ní kó mú ìwé rẹ̀ wá, kó kàwé fún mi. Ó kọ́ mi ní èyí tí wọ́n ń pè ní akisẹlẹréṣọ̀n. Ó ní ká wo bí eré nǹkan ṣe ń lé sí i, ká wá pín in sí àkókò tó fi lé. Ó ní mọ́tò tó dúró jẹ́ẹ́ ní gáréèjì Oǹdó, tó bá fi sẹ́kọ́ǹdì mẹ́wàá dé eré mítà ogún ní sẹ́kọ́ǹdì kan, méjì ni tirẹ̀. Mo ní ọmọ odó mi ńkọ́? Ó rò ó. Ó ní ó wà lókè lọ́wọ́ mi, kò mira; nígbà tó fi máa dé èjìká tíṣà, yóò ti máa sá mítà mẹ́fà ní sẹ́kọ́ǹdì kan, ìdajì sẹ́kọ́ǹdì péré ló sì fi débẹ̀. Ó ní méjìlá ni. Mo ní, "Ìyẹn ni pé mo fi ìlọ́po mẹ́fà ju mọ́tò lọ?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Ó rẹ́rìn-ín. Àkọ́kọ́ ẹ̀rín rẹ̀ nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti gbá a.

Mi ò ní bẹ ẹnì kankan. Mi ò fẹ́ kí o fi nǹkan ránṣẹ́. Ìgbà wo lò ń bọ̀?

Ìbídùnní.


Leeds,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹta.

Màámi,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí pé èsì pẹ́. Iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n gbé mi sí nínú ilé ìkẹ́rùsí.

Ẹ kú ewu àwọn tó wá jà yẹn. Ẹ má da omi gbígbóná sí ẹnikẹ́ni lára mọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.

Ẹ bá mi sọ fún Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ pé ìṣirò rẹ̀ dáa, inú mi dùn, ṣùgbọ́n ó ku apá kan. Kì í ṣe bí ọmọ odó ṣe gbéra ló ń fọ́ egungun. Bó ṣe dúró ni. Ó ń sá mítà mẹ́fà bọ̀, ó kan èjìká, ó sì dúró láàárín ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́kọ́ǹdì. Ẹ pín mẹ́fà sí ìyẹn: ẹgbẹ̀ta ni. Méjìlá ló fi gbéra, ẹgbẹ̀ta ló fi dúró. Ìdúró òjijì ló ń ṣe èèyàn léṣe. Kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá bi í nínú wáẹ́ẹ̀kì.

Kí lorúkọ tíṣà náà? Ẹ ò tíì sọ ọ́ fún mi. Bóyá mo mọ ẹnì kan tó lè bá a sọ̀rọ̀.

Ọmọ yín,
Akíntúndé.


Oǹdó,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹta.

Akíntúndé,

Jethro lorúkọ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé o ti gbàgbé rẹ̀. Òun ò gbàgbé rẹ.

Àwọn ẹbí rẹ̀ ránṣẹ́ pè wá sí Ìgbàrà-Òkè lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Èmi, ọmọ rẹ, àti Kàdíjátù la lọ. Wọ́n ní kí n má gbé ọmọ odó wá, mo fi í sílẹ̀. Pa Bísọ́dún, olórí ẹbí wọn, ló jókòó sáàárín. Èyí tí mo da omi sí lára náà jókòó, ó fi báńdéèjì di àyà, ojú rẹ̀ ò kúrò lójú mi. Jethro gbé apá ọ̀tún kọ́rùn, ọwọ́ òsì wà nínú àpò síbẹ̀.

Mo ní, "Ẹ bi í léèrè, ẹ̀yin àgbà. Kí ló dé tó fi fọ́ ọmọ mi létí nítorí òdo?"

Jethro yíjú sí mi. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ̀yin ni ìyá Ọ̀gbẹ́ni Adébùsóyè tó kọ́ wa ní físíìsì ní Oǹdó ní ọdún 2013?"

Mo ní èmi ni, mo sì ní kó máa fi ọ̀wọ̀ pe orúkọ yẹn.

Ó yọ ọwọ́ òsì jáde. Ìka kékeré rẹ̀ ti ká wọ àtẹ́lẹwọ́ bí ìwọ̀ ẹja. Kò lè nà án. Ó ní, "Ìbéèrè kan náà ni, mà. Wọ́n ní ìyá kan wọ mọ́tò láti Oǹdó lọ sí Àkúrẹ́, ó padà wálé. Mo ní méjìdínláàádọ́ta. Ọ̀gbẹ́ni Adébùsóyè ní kí n gbé ọwọ́ lé tébù, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rúlà onígi nà mí títí ìka yìí fi ṣẹ́. Èmi ni mò ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà náà. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí. Mi ò tíì tẹ̀ ẹ́ mọ́."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò tíì parí. Ó ní ìyá òun wá bá ọ nílé ìwé, ó sunkún níwájú rẹ. O ní kó máa lọ, pé o máa wá bẹ̀ wọ́n nílé lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Obìnrin yẹn gbá gbogbo ilẹ̀ ilé wọn. Ó se ìrẹsì, ó pa adìẹ. Ó yá àga lọ́wọ́ àwọn ará ilé kejì. Wọ́n wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìwọ ti wọ bàálù lọ ní ọjọ́ Ẹtì. Obìnrin náà ti kú.

Mo bi Jethro léèrè ọ̀rọ̀ kan. Mo ní, "Nígbà tí o gbá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, ṣé o mọ ọmọ ẹni tó jẹ́?"

Ó wò mí lójú. Ó ní, "Mo mọ̀, mà."

Mo dìde. Ọwọ́ mi ti lọ sókè kí ojú mi tó tún bọ́ sára ìka yẹn. Mo fi ọwọ́ náà tún gèlè mi wé, mo jókòó.

Akíntúndé, ìwọ ọ̀mọ̀wé, bá mi ṣe ìṣirò yìí. Ìyà tí o gbé jáde nínú ilé mi ní ọdún 2013, ó rìn lọ sí Ìgbàrà-Òkè, ó rìn lọ sí Àkúrẹ́, ó padà wá bá ọmọ rẹ. Ó gbéra nílé, ó dúró nílé. Ṣé òdo nìyẹn náà?

Pa Bísọ́dún ní kí èmi àti Jethro fi etí san gbèsè èjìká, kí a sì fi gíláàsì fèrèsé san ti omi gbígbóná. A gbà. Ó ku tìrẹ. Jethro ní òun máa gbé ẹjọ́ kúrò ní àgọ́ ọlọ́pàá, òun á sì sọ fún ọ̀gá ilé ìwé pé kí ọmọ padà wá, kò gba kọ́bọ̀. Sọ́ńdè òun lòun fẹ́. Kí o wá síbẹ̀, kí o dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ìyá rẹ̀ gbá dè ọ́, kí òun fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọ dìde. Bí wọ́n ṣe ń parí ìjà nínú ilé wọn nìyẹn. Wọn ò gba aṣojú. Mo ní ṣé èmi ò lè kúnlẹ̀ dípò rẹ? Bí mo ṣe jẹ́ yìí, Akíntúndé, mo ní màá kúnlẹ̀. Pa Bísọ́dún ní, "Ìyá, ìka yẹn kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ yín."

Ṣé òótọ́ ni, àbí irọ́ ni? Èsì ni mo fẹ́.

Ìyá rẹ.


Oǹdó,
Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù Kẹta.

Akíntúndé,

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ fi hàn mí lójú fóònù pé o ti ka lẹ́tà mi. Ó ní àmì rẹ̀ ti di búlúù láti ọjọ́ tí a fi ránṣẹ́. Lójoojúmọ́ ló ń wò ó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ físíìsì ní yàrá wọn ní Àkúrẹ́, òun jókòó sẹ́yìnkùnlé mi, ó ń so okùn mọ́ òkúta, ó ń fì í.

O kọ́ mi pé bí nǹkan ṣe dúró lójijì ló ń fọ́ egungun. Ìwọ náà dúró lójijì.

Ìyá rẹ.


Leeds,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹrin.

Màámi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ má bínú.

Mi ò mọ ohun tí mo lè kọ ni. Mi ò rántí ojú ọmọ yẹn dáadáa. Màámi, kò sí tíṣà tí kì í nani nígbà náà. Wọ́n na àwa náà. Bẹ́líìtì bàbá mi ṣì wà lẹ́yìn mi, ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin lẹ máa ń fi òrí pa á. Rúlà lásán ni mo pè é. Ìwé àṣẹ ìrìnnà mi jáde lọ́sẹ̀ yẹn, gbogbo nǹkan sáré papọ̀. Mo rò pé màá kọ lẹ́tà sí wọn láti ibí.

Tí mo bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ báyìí, wọ́n á fi ẹlòmíràn rọ́pò mi. Ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí: lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó ń bọ̀, kí ẹ lọ sí Ìgbàrà-Òkè, kí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ gbé fóònù sókè. Màá dọ̀bálẹ̀ níbí lójú fídíò, gbogbo wọn á rí mi. Sọ́ńdè náà ni wọ́n kúkú béèrè.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ kan wà, Màámi. Mi ò mọ bí mo ṣe máa wo ojú ọmọ mi.

Akíntúndé.


Oǹdó,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹrin, ọdún 2025.

Akíntúndé,

Èmi ò kí ọ lónìí.

A lọ sí Ìgbàrà-Òkè lọ́jọ́ Sọ́ńdè bí o ṣe wí. Mo wọ aṣọ òkè tí mo fi sin bàbá rẹ. Jethro ti gbálẹ̀. Ó fi apá kan ṣoṣo gbá a, mo rí ojú ìgbálẹ̀ nílẹ̀. Ọmọ rẹ gbé fóònù sókè, a rí ọ. A rí fìlà rẹ, a rí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn rẹ. O ní, "Ẹ káàsán, ẹ̀yin bàbá." O bẹ̀rẹ̀ sí í wólẹ̀, a ò rí ọ mọ́, àjà ilé nìkan la rí. Ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dúró. A jókòó, à ń wo àjà ilé ní Leeds.

Pa Bísọ́dún ní, "Ìdọ̀bálẹ̀ nìyí? Òrùlé ló dọ̀bálẹ̀ fún wa." Ẹ̀gbọ́n Jethro, èyí tí mo bó lára, ní kí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ dojú fóònù dé ilẹ̀, kí fóònù náà fi àyà balẹ̀ dáadáa. Ó dojú rẹ̀ dé. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Jethro dúró lórí fóònù yẹn pẹ̀lú ìka rẹ̀ tó ká. Ó ní, "Màmá, ta ni kí n wá gbé dìde níbí?"

Mo ní kí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ gbé fóònù náà nílẹ̀.

Nígbà tí a tún fi rí ọ, o ń pe orúkọ ọmọ rẹ. "Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, ṣé ò ń gbọ́ mi?" Ó gbé fóònù náà lé etí. Etí òsì ló gbé e lé, Akíntúndé. Ó gbé e síbẹ̀ títí o fi sọ̀rọ̀ tán.

Bí a ṣe fẹ́ máa lọ, okùn tí Jethro fi gbé apá kọ́rùn já. Mo so ó fún un. Mo so ó le, ó ní "Yéè, mà," mo ní kó pa ẹnu mọ́. Ó ní kò sí ìjà láàárín òun àti èmi mọ́, ṣùgbọ́n òun ò lè parọ́ fún ilẹ̀ ìyá òun pé ẹnì kan ti wá síbẹ̀. Mo ní kò sí ẹni tó ní kó parọ́. Ọmọ ò tíì padà sí kíláàsì. Ìdánwò físíìsì wọn sì ti kù díẹ̀.

O ní o ò mọ bí o ṣe máa wo ojú rẹ̀. Wá síbi tí ojú náà wà.

Nígbà tí o kọ́kọ́ kọ òdo sí mi, mo fẹ́ pa ọ́. Mo ti ronú sí i láti ìgbà náà. O ní ibi téèyàn ti gbéra àti ibi tó dúró sí nìkan ni wọ́n ń wò, pé gbogbo ọ̀nà tó wà láàárín ò já mọ́ nǹkan kan. Ó dáa. Ẹnu ọ̀nà mi níbí lo ti gbéra lọ́dún 2013. Mo wò ọ́ títí mọ́tò Àkúrẹ́ fi yà. Leeds lo dúró sí, o sì kẹ̀yìn sí wa. Gbogbo owó tí o fi ránṣẹ́, gbogbo "lọ́dún tó ń bọ̀", ọ̀nà ni. Mi ò kà á. Òdo yẹn gan-an ni mo wá fẹ́ báyìí. Gbéra níbẹ̀, kí o wá dúró síbi tí o ti gbéra.

Má fi nǹkan kan ránṣẹ́. Má fi fóònù wólẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Má sì bi mí pé kí ni èrò mi, mo ti sọ ọ́.

O jẹ Jethro ní Sọ́ńdè kan. Wá san án.

Ìyá rẹ,
Ìbídùnní.